Báwo ló ṣe yẹ kí a fèsì sí ọ̀rọ̀ àwọn olùyẹ̀wò lórí patch tí a fi ránṣẹ́ sí Git?

Ará Òkè-Fìà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí a jọ ń kọ sọ́fítíwíà ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó gbé ìgbésẹ̀, torí pé ohun tí ènìyàn bá kọ sí àkójọ ímeèlì àwọn tó ń kọ Git (ètò tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà kóòdù), ibẹ̀ ni yóò wà títí, ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á.

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí a bá fi àmì sí orúkọ fáìlì bó ti yẹ, tí a wá pe `git status` tàbí `git ls-files`, Git kì í gbé orúkọ náà jáde bí a ṣe kọ ọ́. Fáìlì tí mo pè ní `ọ̀ṣun.txt` jáde báyìí:

`"\341\273\215\314\200\341\271\243un.txt"`

Ètò tó ń jẹ́ `core.quotePath` ló ń ṣe é. Bí ènìyàn kò bá fọwọ́ kàn án, títàn ló máa ń wà, gbogbo báìtì (ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà) tó bá ti kọjá ti ASCII, ìyẹn lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán, ni yóò sì sọ di nọ́ńbà. Ẹni tó bá kọ `git config --global core.quotePath false` yóò rí orúkọ fáìlì rẹ̀ padà bó ṣe kọ ọ́. Ìwé ìtọ́ni Git sọ̀rọ̀ nípa ètò yìí, ṣùgbọ́n àmì micro, `\302\265`, tó jẹ́ báìtì méjì péré, ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Mo ti rí àwọn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ tí wọ́n rò pé fáìlì àwọn ti bàjẹ́ nígbà tí lẹ́tà kan ṣoṣo di nọ́ńbà márùn-ún lójú wọn. Ìyẹn ló mú mi kọ patch kan (àbá àyípadà tí a ń fi ímeèlì ránṣẹ́): mo fi ìpínrọ̀ kúkúrú kún ìwé ìtọ́ni, mo fi ìdánwò kan kún `t/t3902-quoted.sh`, mo sì tún gbólóhùn kan tó ṣòro kà nínú ìpínrọ̀ tó tẹ̀lé e ṣe.

Àwọn olùyẹ̀wò méjì ti dá mi lóhùn. Ẹni àkọ́kọ́ ní àlàyé inú commit mi (àyípadà tí a fi pamọ́ sínú Git) sọ ohun tí mo fi kún un, kò sọ ìdí rẹ̀. Ó ní ìdánwò mi lo `git ls-files | grep`, pé kí n má fi Git ṣáájú páìpù (àmì `|` tó ń gbé èsì àṣẹ kan fún òmíràn). Ó tún ní àtúnṣe gbólóhùn yẹn kò bá ìyókù tan, kí n yọ ọ́ sínú patch tirẹ̀. Ẹnì kejì bi mí pé, níwọ̀n ìgbà tí orúkọ fáìlì oní-kanji (lẹ́tà àwọn ará Japan) ti wà nínú t3902 tẹ́lẹ̀, kí ni ìdánwò tèmi yóò mú tí ti tẹ́lẹ̀ kò ní í mú? Ó wá dámọ̀ràn pé nínú ìwé ìtọ́ni, kí n yọ àmì ohùn kúrò lórí àpẹẹrẹ mi, kí n lo `ọ` lásán, pé ó kúrú, ó sì tó.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni n kò fara mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí èmi tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Git, orúkọ rẹ̀ sì kún inú ìtàn kóòdù náà. Ṣé kí n tẹ̀lé gbogbo ohun tí wọ́n sọ, kí n sì fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àbí kí n kọ́kọ́ fèsì? Bí mo bá sì fẹ́ sọ pé n kò gbà, báwo ni n ó ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní di àfojúdi?

Ìyá Ìbejì, Ìgbóònà:

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èsì ni kí o kọ́kọ́ kọ. Má tíì fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá yẹ iṣẹ́ rẹ wò ti fi àkókò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ, ẹlòmíràn tí kò rí i bó ṣe rí i sì lè fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà kí o tó yí ohunkóhun padà. Bí ẹ̀dà kejì bá kàn já lulẹ̀ láìsí èsì, olùyẹ̀wò ní láti máa fi ẹ̀dà méjèèjì wé ara wọn láti mọ̀ bóyá o gbọ́ ohun tí òun sọ. Ìtọ́ni tí àwọn Git fúnra wọn kọ fún ẹni tó ń ṣe patch rẹ̀ àkọ́kọ́ sọ ọ́ ketekete pé kí ènìyàn fèsì sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èsì náà lè jẹ́ pé o ti ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Ó lè jẹ́ pé o rò pé ti tẹ́lẹ̀ dára jù. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn ló jẹ́ kí o rí ọ̀nà mìíràn tó dára ju tìrẹ àti tiwọn lọ. Wàá rí i pé wọ́n ti ka kí ènìyàn má gbà mọ́ ara ohun tó bójú mu.

Bí ìyẹn ti ṣe pàtàkì tó, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí jù ú lọ. Bí olùyẹ̀wò bá bi ọ́ ní ìbéèrè, má ṣe rò pé iṣẹ́ rẹ parí nígbà tó bá sọ pé ó ti yé òun. Ohun tí kò yé ẹni tó jókòó ti patch rẹ lónìí, kò lè yé ẹni tí yóò pe `git blame` (àṣẹ tó ń fi commit tí ìlà kan ti wá hàn) lórí ìlà yẹn lọ́dún mẹ́wàá sí i, tí kò sì ní rí ọ bi. Nítorí náà, ìdáhùn tí o bá fún un nínú ímeèlì, wá ibi tí yóò jókòó sí nínú patch: nínú àlàyé commit, tàbí nínú ìwé ìtọ́ni fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí ni mo rí pé ọ̀pọ̀ wa ń fò kọjá. A máa ń dáhùn dáadáa nínú ímeèlì, ẹ̀dà kejì á sì jáde láìyí ọ̀rọ̀ kan padà nínú àlàyé.

Ní ti bí o ṣe máa kọ ọ́, abẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí èsì rẹ̀ wà. Gé gbogbo ohun tí o kò dáhùn kúrò, kí ó ku ìlà bíi mélòó kan tí yóò jẹ́ kí ẹni tó ń kà mọ ohun tí o ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Má kó gbogbo èsì rẹ jọ sókè ímeèlì.

Àfojúdi ni kí wọ́n bá ọ sọ̀rọ̀, kí o dákẹ́, kí o wá fi ẹ̀dà tí kò tẹ̀lé ọ̀rọ̀ wọn ránṣẹ́. Kí ènìyàn sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kì í ṣe àfojúdi.

Bàbá Kọ̀ǹpútà, Ọjà-Ọba:

Ìyá Ìbejì, mo kí yín o, ẹ ṣeun fún àlàyé yín. Mo gbà pé kí ó fèsì. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa bá àgbà fa ọ̀rọ̀ lórí àmì ohùn kan ṣoṣo, n kò rí i bí ohun tó bọ́gbọ́n mu. Ìlú àlejò ló wọ̀. Kí ó gba gbogbo ohun tí wọ́n sọ, kí patch rẹ̀ wọlé, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń gbọ́ràn. Bí ó bá fi patch kẹta tàbí ìkẹrin ránṣẹ́, yóò ti ní ẹnu tí yóò fi sọ̀rọ̀, wọn yóò sì gbọ́ ọ.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ fún un nípa ohun kan tí mo máa ń rí lára àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Bí iná bá lọ, orí fóònù ni wọ́n ti máa ń dáhùn ímeèlì. Áàpù Gmail orí fóònù máa ń fi HTML ránṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń gba ímeèlì fún àkójọ Git ní vger.kernel.org kì í sì í gba HTML rárá. Olùyẹ̀wò nìkan ni yóò rí èsì náà, torí pé orúkọ tirẹ̀ wà lórí rẹ̀. Àkójọ kò ní í rí i, ìwé ìpamọ́ kò sì ní í ní i. Ẹni tó kọ̀wé yóò rò pé òun ti dáhùn, nígbà tí gbogbo ayé rò pé ó dákẹ́. Kọ èsì rẹ sínú fáìlì lórí kọ̀ǹpútà, kí o sì dúró kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé. Bí o bá ń gba ọ̀nà Gmail, `git send-email` yóò bá smtp.gmail.com sọ̀rọ̀ lórí pọ́ọ̀tù 587, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwọlé tí o fi ń ṣí Gmail lójoojúmọ́ kò ní í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. O ní láti tan ìfìdímúlẹ̀ ìgbésẹ̀ méjì, kí o sì ṣe ọ̀rọ̀ ìwọlé ọ̀tọ̀ fún un.

Ìyá Ìbejì, Ìgbóònà:

Bàbá, ẹ ṣeun, sà. Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn wúlò púpọ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò kàn máa dúró de èsì tí kò ní í dé.

Ní ti gbígba gbogbo nǹkan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ojú mìíràn wò ó. Ẹni tó ní kí ó lo `ọ` lásán kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tó mọ̀ ló fi sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dára níwọ̀n ohun tó mọ̀. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú ìjíròrò yẹn, àbúrò wa nìkan ló mọ bí ẹni tó ń kọ Yorùbá ṣe ń sọ fáìlì rẹ̀ lórúkọ. Bí òun náà bá dákẹ́, ta ni yóò sọ ọ́? Àwọn baba wa ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Olùyẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wá ẹni tí yóò máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ń wá ẹni tí yóò sọ ohun tí òun kò mọ̀.

Ẹ tún wò ó bí patch ṣe ń rìn. Junio C Hamano, tó ti ń tọ́jú Git láti oṣù keje ọdún 2005, a máa kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ sínú ẹ̀ka `seen`, lẹ́yìn náà `next`, kí ó tó dé `master`. Ó tún máa ń kọ ímeèlì kan déédéé tó fi ń sọ ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dé. Iṣẹ́ tí ìbéèrè olùyẹ̀wò bá ṣì wà lórí rẹ̀ láìsí ìdáhùn máa ń jókòó sójú kan ni, bí kóòdù rẹ̀ tilẹ̀ dára. Ẹni tó fèsì tó sì sọ pé òun kò gbà, pẹ̀lú ìdí, ti dáhùn. Ẹni tó dákẹ́ kò tíì dáhùn.

Ọmọ Aláró:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Mo fẹ́ dá sí ìbéèrè tí olùyẹ̀wò kejì béèrè nípa kanji, torí pé mo rò pé òun ni òpó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kàn án.

Mo ṣí `t3902-quoted.sh` wò. Orúkọ fáìlì tí wọ́n lò níbẹ̀ ni 濱野 àti 純. Kanji kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì mẹ́ta ní UTF-8 (ọ̀nà tí a fi ń sọ lẹ́tà di báìtì), gbogbo báìtì wọn ló sì kọjá ti ASCII. Mo wá lọ wo kóòdù inú `quote.c` tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Báìtì kọ̀ọ̀kan ló ń wò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò mọ lẹ́tà, kò mọ àmì ohùn, kò sì mọ̀ bóyá báìtì méjì tó tẹ̀léra jẹ́ ti lẹ́tà kan náà tàbí ti méjì. Bí a bá ba kóòdù yẹn jẹ́ lọ́nà tí `ọ̀ṣun.txt` yóò fi jáde ní ìjákujàá, ìdánwò oní-kanji ni yóò kọ́kọ́ kígbe. Nítorí náà, ìdáhùn òtítọ́ sí ìbéèrè yẹn ni pé ìdánwò tuntun náà kò lè mú ohunkóhun tí ti tẹ́lẹ̀ kò ní í mú. Àbúrò mi, èmi ìbá yọ ọ́ kúrò ni, kí n sì sọ ìdí rẹ̀ gbangba nínú èsì.

Bí o bá yọ ọ́, ọ̀rọ̀ páìpù náà ti kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ṣì dá ẹni tó sọ ọ́ lóhùn, kí ó lè mọ̀ pé o kò fi ọ̀rọ̀ òun sẹ́yìn. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ síbí pẹ̀lú, torí pé gbogbo ẹni tó bá kọ ìdánwò fún Git ni yóò pàdé rẹ̀. Bí a bá kọ

`git ls-files | grep "un.txt"`

nọ́ńbà ìjáde tí ṣẹ́ẹ̀lì yóò gbà ni ti `grep`, èyí tó wà lẹ́yìn. Ká ní `git ls-files` tẹ orúkọ náà jáde tán, ó wá kú lójijì kí ó tó parí iṣẹ́ rẹ̀. `grep` ti rí ohun tó ń wá, yóò ní ó dára, ìdánwò yóò yege, a kò sì ní mọ̀ láéláé pé Git kú. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni èyí:

`git ls-files >actual &&`
`test_cmp expect actual`

Níbí, bí Git bá kú, `&&` yóò dá ìdánwò dúró lójú ẹsẹ̀. `test_cmp` yóò tún fi ohun tí a ń retí àti ohun tí a rí han ẹni tó ń ṣe àtúnṣe, nígbà tí `grep` ì bá kàn dákẹ́.

Ní ti àmì ohùn, ìdí tó lágbára wà tí o lè gbé kalẹ̀, kì í kàn ṣe pé o fẹ́ràn rẹ̀. Unicode, àkójọ tó fún lẹ́tà àwọn èdè ní nọ́ńbà, ní àyè kan ṣoṣo fún `ọ`, U+1ECD, báìtì mẹ́ta. Ó ní àyè kan ṣoṣo fún `à` náà, báìtì méjì, `\303\240`. Ṣùgbọ́n kò sí àyè kan ṣoṣo fún `ọ̀`. Àmì ohùn ìsàlẹ̀, U+0300, ni a ní láti fi tẹ̀lé `ọ`, báìtì méjì mìíràn, àpapọ̀ márùn-ún. Èyí gan-an ló ń dẹ́rù ba àwọn tí o sọ, àpẹẹrẹ `ọ` lásán kò sì ní í fi hàn wọ́n. Àmì micro tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fi hàn pé lẹ́tà kan lè ju báìtì kan lọ. Bí o bá wá lo `ọ` lásán, ohun kan náà lo tún sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, olùyẹ̀wò yóò sì lè bi ọ́ pé kí ni ìpínrọ̀ rẹ wá ṣe.

Ará Òkè-Fìà:

Ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ Aláró, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè kan ló kù lọ́kàn mi. Ìdánwò yẹn ni mo fi àkókò sí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ṣé kò sí ọ̀nà tí a lè gbà tún un kọ kí ó lè wúlò? Mo ń ro ti àwọn kọ̀ǹpútà Mac, tí mo kà pé wọ́n máa ń tú lẹ́tà alámì palẹ̀ bí wọ́n bá ń tọ́jú orúkọ fáìlì.

Ọmọ Aláró:

Òótọ́ ni, HFS+, ètò ìtọ́jú fáìlì àtijọ́ ti Mac, máa ń tú u palẹ̀, `ọ̀` yóò di `o`, àmì abẹ́, àti àmì ohùn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ètò `core.precomposeUnicode` ni Git fi ń tún un tò. Ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì ní ìdánwò tirẹ̀ níbòmíràn. Bí o bá mú un wọ inú patch yìí, nǹkan méjì tí kò jọra ni o tún so pọ̀, ohun tí ẹni àkọ́kọ́ sì ní kí o má ṣe gan-an nìyẹn.

Bí ó bá di dandan kí o ṣe ìdánwò orúkọ alámì lọ́jọ́ kan, má ṣe dá fáìlì sórí dísìkì. `git update-index --add --cacheinfo` lè fi orúkọ sínú index (àkọsílẹ̀ fáìlì tí Git ń tọ́jú) tààrà, kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò rí i tú palẹ̀. Tọ́jú ìyẹn sọ́wọ́. Fún ti ìsinsìnyí, yọ ìdánwò náà.

Olùkọ́ Ayétòrò:

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ nípa bí ọwọ́ ṣe máa ṣe é kún un, torí pé èyí lè ka ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ láyà.

Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, fi orúkọ pamọ́ fún ẹ̀dà àkọ́kọ́: `git branch quotepath-v1`. Lẹ́yìn náà, `git rebase -i origin/master`, kí o yí `pick` sí `edit` níwájú commit rẹ. Bí ó bá dúró, `git reset HEAD^` yóò tú commit náà, àwọn àyípadà rẹ yóò sì wà nílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. `git add -p` yóò wá máa bi ọ́ léèrè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mú àtúnṣe gbólóhùn nìkan, fi `git commit -s` tì í. Lẹ́yìn náà, mú ìpínrọ̀ tuntun, ṣe é bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù nínú t3902, dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí o wá pe `git rebase --continue`. Àtúnṣe kékeré ló yẹ kó ṣáájú, kí ìpínrọ̀ tuntun lè bọ́ sórí ilẹ̀ tó mọ́.

Nínú àlàyé commit, sọ bí nǹkan ṣe rí lọ́wọ́lọ́wọ́ àti ohun tí kò dára níbẹ̀. Sọ ìdí tí ọ̀nà tí o yàn fi dára. Kí o wá pàṣẹ fún kóòdù bí ẹni tó ń rán ọmọ níṣẹ́. Ohun tí olùyẹ̀wò kejì béèrè nípa kanji, fi gbólóhùn kan sọ ọ́ níbẹ̀: ìdánwò tó wà nílẹ̀ ti bo kóòdù náà, ìwé ìtọ́ni nìkan ni patch yìí kàn.

Orúkọ rẹ nínú `Signed-off-by`, ìlà tí `-s` ń fi sí ìparí àlàyé commit, fi àmì sí i bí o ṣe ń kọ ọ́. UTF-8 ni Git ń lò fún àlàyé commit bí ènìyàn kò bá sọ ohun mìíràn, `git send-email` sì mọ bí yóò ṣe di orúkọ alámì fún ìrìnàjò. Mo ń sọ èyí torí mo mọ àwọn tó ń yọ àmì kúrò lára orúkọ wọn nítorí ìbẹ̀rù pé yóò dàrú, ó sì máa ń dùn mí. Àwọn tó ràn ọ́ lọ́wọ́ náà, o lè fi `Helped-by` dárúkọ wọn lókè orúkọ tìrẹ.

Láti fi ránṣẹ́, `git format-patch -v2 --cover-letter --range-diff=quotepath-v1 origin/master`. Range-diff, tó dé pẹ̀lú Git 2.19 lọ́dún 2018, yóò fi ohun tó yí padà láàárín ẹ̀dà méjèèjì han olùyẹ̀wò, kò ní láti tún gbogbo rẹ̀ kà. Fi `--in-reply-to` so ó mọ́ ímeèlì àkọ́kọ́, kí ìjíròrò má bàa pín sí méjì.

Bàbá Kọ̀ǹpútà, Ọjà-Ọba:

Ọ̀rọ̀ báìtì márùn-ún yẹn ti yí èrò mi padà lórí àpẹẹrẹ náà. Ó ní ìdí, kí ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àgbà: kí ó parí rẹ̀ pẹ̀lú pé bí wọ́n bá ṣì fẹ́ `ọ` lásán, òun yóò yí i padà.

Ará Òkè-Fìà:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ohun tí mo fẹ́ kọ nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ni n ó fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ ní Yorùbá síbí kí ẹ lè bá mi wò ó.

Sí ẹni àkọ́kọ́, lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí àlàyé commit: “Òótọ́ ni. Nínú ẹ̀dà kejì, n ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń ka ìwé ìtọ́ni báyìí, kí n tó sọ ohun tí mo fi kún un.” Lábẹ́ ọ̀rọ̀ páìpù: “Ẹ ṣeun, ó ti yé mi pé `grep` yóò bo ikú Git mọ́lẹ̀. N ó yọ ìdánwò náà kúrò nítorí ìdí tí mo sọ fún olùyẹ̀wò kejì, nítorí náà ìlà yẹn kò ní í sí nínú ẹ̀dà kejì mọ́.” Lábẹ́ ti àtúnṣe gbólóhùn: “Mo ti yọ ọ́ sínú patch tirẹ̀, òun ni yóò ṣáájú.”

Sí ẹnì kejì, lórí kanji: “Mo lọ ka `quote.c`. Báìtì kọ̀ọ̀kan ló ń wò, nítorí náà ìdánwò tó wà nílẹ̀ ti bo ohun tí tèmi ì bá bò. N ó yọ ọ́ kúrò.” Lórí àpẹẹrẹ: “Mo fẹ́ kí a fi àmì ohùn sílẹ̀, ìdí rẹ̀ sì rèé. `ọ` ní àyè kan ṣoṣo nínú Unicode, ṣùgbọ́n `ọ̀` kò ní, àyè méjì ló ń gbà, báìtì márùn-ún. Àpẹẹrẹ micro tó wà nílẹ̀ ti fi hàn pé lẹ́tà kan lè ju báìtì kan lọ. Ohun tí kò tíì sí níbẹ̀ ni pé ohun tí ojú rí bíi lẹ́tà kan lè jẹ́ méjì, èyí ló sì ń mú kí àwọn tó ń kọ Yorùbá rò pé orúkọ fáìlì wọn ti bàjẹ́. Mo lè fi kúkúrú kọ ọ́, ìlà kan péré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi bí ohun kan bá wà tí n kò rí.”

Ìyá Ìbejì, Ìgbóònà:

Ó dára gan-an. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ilẹ̀kùn tí Bàbá ń wí, èmi kò sì ní fẹ́ kí o ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá sọ pé wàá yí i padà bí wọ́n bá ṣì fẹ́, wọn kò ní mọ̀ bóyá ìdí tí o sọ wúwo tàbí kò wúwo lójú ìwọ fúnra rẹ. Bàbá, ẹ má bínú, sà, ibi tí èrò wa ti yà nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o yí padà: má kọ pé “Mo ti yọ ọ́” nígbà tí o kò tíì yọ ọ́. Kọ pé wàá yọ ọ́. Fún un ní ọjọ́ mélòó kan kí ẹ̀dà kejì tó jáde. Àwọn kan nínú wọn wà ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ wọn kì í mọ́ pọ̀ pẹ̀lú tiwa.

Ará Òkè-Fìà:

Mo ti yí i padà, mà, mo sì ti fi èsì méjèèjì ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà. Mo rí wọn nínú ìwé ìpamọ́ lórí lore.kernel.org, nítorí náà wọ́n wọlé.

Ará Òkè-Fìà:

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará wa. Olùyẹ̀wò kejì ti fèsì. Ó ní òun kò mọ̀ pé `ọ̀` kò ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode, pé kí n fi àpẹẹrẹ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n pé gbólóhùn méjì tí mo fi ṣàlàyé fún òun nínú ímeèlì yéni ju èyí tó wà nínú ìpínrọ̀ mi lọ. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò fi wọ́n sínú patch. Ìyá Ìbejì, ẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ti gbé wọn wọ inú ìpínrọ̀ náà báyìí, mo fi ìdí rẹ̀ sínú àlàyé commit, mo pe `git diff --check`, kò sí àyè òfìfo tó ṣẹ́kù níparí ìlà kankan, `make doc` sì parí láìsí ìpèníjà. Olùyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni mo ń dúró dè lórí bí mo ṣe to patch méjèèjì tẹ̀ léra. Bí òun náà bá fèsì, tàbí bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá tí kò sọ nǹkan kan, ẹ̀dà kejì yóò lọ.